Orúkọ Ìlú Lójú Gíláàsì Mọ́tò

Ní Ifọ̀, bí o bá béèrè Ayọ̀níkẹ́, wọ́n á bi ọ́ pé Ayọ̀níkẹ́ wo. Bí o bá béèrè Ìyá Jíìpù, ọmọdé á mú ọ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á sì sá padà kí ìyá náà tó jáde. Òun ló ń wa jíìpù abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí kò tíì sí obìnrin mìíràn tó ń wa mọ́tò ìjọba lágbègbè náà. Ó wà á wọ abúlé tí kò lọ́nà, ó wà á gba inú omi kọjá, ó sì máa ń bú nọ́ọ̀sì tó bá figbe ta lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn dẹ́rẹ́bà ọkùnrin kò fẹ́ràn rẹ̀. Òun náà kò fẹ́ràn wọn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n sì to àga sílẹ̀ láti dágbére fún un. Kò lọ. Ó ní àwọn tí kò kí òun nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìrẹsì kí òun fún?

Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ìbàdí ọ̀tún rẹ̀ ti bàjẹ́ lórí ìjókòó jíìpù náà, tó fi jẹ́ pé bó bá fẹ́ jókòó, díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ara rẹ̀ kalẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ṣọlá, tó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó sì fẹ́ Olúwajùwọ́n, tí wọ́n ń pè ní Juwọ́n.

Táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé ni Juwọ́n ń tà ní Ìbafò. Ó ń darí èrò nínú ìjọ lọ́jọ́ ìsinmi, ó máa ń wọ funfun, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ohun tí ojú Ṣọlá rí nílé rẹ̀, ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tó sá dé Ifọ̀ pẹ̀lú Jésùlayọ̀mi, ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló ní kí ìyá rẹ̀ búra pé kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣe kókó àdúrà," ni Ṣọlá wí.

Ayọ̀níkẹ́ búra. Kò pẹ́ sí i, Ṣọlá ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan ní Yola, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó lọ. Ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ ìlú náà. Juwọ́n wá béèrè títí. Nígbà tó yá, ó kó àwọn àgbà ìjọ lẹ́yìn wá, wọ́n ní ìyàwó kì í fi ilé ọkọ sílẹ̀ láìsọ ibi tó ń lọ, wọ́n ní ìjà kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ayọ̀níkẹ́ gbọ́ wọn dópin. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn," ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ó mọ̀ bí ẹni mọ owó pé ọjọ́ tí Juwọ́n bá gbọ́ orúkọ ìlú yẹn, yóò wọ mọ́tò lọ bá Ṣọlá, kò sì ní lọ bẹ̀ ẹ́.

Mọ́tò Ṣọlá ló kù nílẹ̀, Korólà aláwọ̀ eérú tó wà lábẹ́ igi máńgòrò ní Ifọ̀. Ṣọlá ní iṣẹ́ alẹ́ kò ṣeé fi kẹ̀kẹ́ márúwá lọ mọ́ níbi tí òun wà. Wọn kò lè tà á: bí ọjà ṣe rí lóde òní, ẹni tó bá ta mọ́tò ti di ẹlẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ayọ̀níkẹ́ kò sì lè wà á dé Yola, nítorí ìbàdí rẹ̀ àti nítorí àwọn ajínigbé. Wọ́n wá sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan wà ní Mowé, létí ọ̀nà márosẹ̀, Àjòádùn lorúkọ rẹ̀, tírélà ni wọ́n fi ń kó mọ́tò lọ sí Òkè Ọya.

Ó wa Korólà náà gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó gba Àgbàdo, ó gba Àjùwọ̀n àti Akútè, ó bọ́ sí márosẹ̀ ní Bẹ́gà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé Ìbafò, ó fa ìborùn bojú, ó sì tẹná. Kò wo apá ibi tí ṣọ́ọ̀bù Juwọ́n wà. Àwọn obìnrin tó bá ní ọ̀tá máa ń rò pé bí àwọn kò bá ti wò ó, òun náà kò rí àwọn.

Ọ̀gá yáàdì Àjòádùn ni Àbúbákr, ọmọ Ìlọrin, ọkùnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ ló ń jókòó sí, ibẹ̀ ló sì ti ń bá gbogbo yáàdì sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ibo là ń gbé e lọ?"

"Ẹ kọ́kọ́ sọ bí ẹ ṣe ń gbé e fún mi."

"Orí tírélà la ń gbé e sí, Màmá. A kì í rù ú."

"Ọ̀rọ̀ gidi ni mo bi yín."

"Èmi náà fi ọ̀rọ̀ gidi dá yín lóhùn. Mọ́tò tó ń lọ síbi tó jìnnà jù ló máa kọ́kọ́ gòkè, ti Ìlọrin ló máa gbẹ̀yìn, torí òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi epo kún táńkì. Ẹ má kó ẹrù sí bùtù."

"Kò sí nǹkan kan ní bùtù."

"Ẹja gbígbẹ tó wà níbẹ̀ ti ń kí wa láti ìgbà tí ẹ ti wọlé."

Gàrí wà níbẹ̀, ẹ̀lùbọ́ wà níbẹ̀, ẹja náà sì wà níbẹ̀. Ìyá wo ló máa rán mọ́tò òfìfo sí ọmọ rẹ̀? Ayọ̀níkẹ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó tẹ̀ síwájú títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ọkùnrin náà. Ó sọ orúkọ ìlú, ó sọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Àbúbákr yọ orí síta lójú fèrèsé.

"Lukman! Korólà eléérú yẹn! Yola! Ṣọlá ló máa gbà á! Kọ nọ́ńbà!" Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà náà bí ẹni ń pe ìrun.

Ayọ̀níkẹ́ fà á lápá. "Kí lẹ ń pariwo fún?"

"Ṣé kí n máa sọ ọ́ sínú ni? Yola ni mo pè, mi ò pe olè."

Kó tó fa ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ẹnu. Lukman, tó ń gbé mọ́tò gun tírélà, ti fi máàkà funfun kọ ọ́ sójú gíláàsì iwájú, lẹ́tà rẹ̀ gùn tó àtẹ́lẹwọ́: YOLA. ṢỌLÁ. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ojú márosẹ̀ ni mọ́tò náà kọ sí. Gbogbo mọ́tò tó wà nínú yáàdì ló ní tirẹ̀ lójú bí ẹni tó kọlà, Jos, Gombe, Kàdúná, pẹ̀lú orúkọ olówó wọn, ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń kọjá lè kà á.

Ayọ̀níkẹ́ tú ìborùn rẹ̀, ó tutọ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Kò kúrò. Ó kàn ń ràn ni.

"Màmá, kì í fi itọ́ kúrò," ni Lukman wí. "Pẹtiróòlù ni."

"Ta ló ní kí o kọ ọ́?"

"Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Pa á rẹ́!"

Àbúbákr ti jáde. "Kò sẹ́ni tó ń pa á rẹ́. Ìgbà kan wà tí a kò kọ nǹkan, a sọ mọ́tò olóyè kan kalẹ̀ sí ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, ọlọ́pàá ló wá kó wa níhìn-ín. Láti ìgbà náà, mọ́tò tí kò bá ní orúkọ lójú, kò gun tírélà mi. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ."

"Ṣé gbogbo ayé ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọmọ mi wà ni?"

"Ta ló ráyè ọmọ yín, Màmá? Ẹ̀yin lẹ rò pé gbogbo ayé ń wá a."

"Ẹnu yín ò bo nǹkan kan! Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, bí ẹ bá rí òkú lọ́nà, ẹ ó pè é lórúkọ kí ẹ tó bò ó!"

"Ẹ dúpẹ́ pé ẹ dàgbà," ni Àbúbákr wí. "Ẹ dúpẹ́ gidi."

Kò dúpẹ́. Ó rí jálá pẹtiróòlù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ wọn, ó tiro lọ bá a, ó da pẹtiróòlù sára ìborùn rẹ̀ títí tó fi ń kán sílẹ̀. Àbúbákr ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, "Pẹtiróòlù mi! Ẹ wá wo àgbàlagbà tó ń jalè lójú mi!" Àwọn oníbàárà tó jókòó sórí bẹ́ńṣì ń rẹ́rìn-ín. Ayọ̀níkẹ́ nu gíláàsì náà bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò, Ṣọlá kọ́kọ́ lọ, nọ́ńbà tẹ̀ lé e, Yola ló pẹ́ jù. Nígbà tó ṣe tán, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ọrùn ọwọ́.

Ó dúró síbẹ̀, ó rò ó. Tírélà yìí gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa sọ mọ́tò kalẹ̀. Àmọ́ kò pọn dandan kó jẹ́ tírélà yìí ló máa gbé e dé Yola.

"Kọ Àbújá," ló wí fún Lukman. "Kọ Ayọ̀níkẹ́. Nọ́ńbà tèmi ni kí o kọ."

Àbúbákr wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ló máa gbà á ní Àbújá?"

"Èmi ni. Màá wá ẹlòmíràn níbẹ̀ tó máa gbé e dé ibi tó ń lọ, ẹni tí kì í pariwo."

"Pẹ̀lú ìbàdí yìí?"

"Ṣé ìbàdí mi lẹ fẹ́ gbé sórí tírélà ni?"

Lẹ́tà tó kẹ́yìn ni Lukman ń kọ nígbà tí ọ̀kadà kan yà wọ yáàdì. Juwọ́n ló sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Korólà náà ti kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n, ó sì ti ń wọ yáàdì akẹ́rù kan bọ́ sí òmíràn láti ìgbà náà. Kò sáré. Ó tún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, ó rìn wá síwájú Ayọ̀níkẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí epo ti dúdú, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun.

"Ẹ kú àárọ̀, Màmá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Ẹni tó bá rí i yóò sọ pé àna gidi nìyí. Ayọ̀níkẹ́ wo ẹ̀yìn orí rẹ̀, kò sì dáhùn. Juwọ́n kò dìde. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá ṣe pẹ́ nílẹ̀ tó ni ojú àwọn èèyàn yóò ṣe máa kúrò lára rẹ̀ lọ sára ìyá náà.

"Màmá, wọ́n ń kí yín o," ni oníbàárà kan wí láti orí bẹ́ńṣì.

"Mo gbọ́."

"Ọmọ èèyàn ni, ẹ ní kó dìde."

"Ṣé èmi ni mo ní kó dùbúlẹ̀?"

Juwọ́n dìde fúnra rẹ̀. Kò gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Ó jẹ́ kó wà níbẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Ó súnmọ́ mọ́tò náà, ó ka gíláàsì. "Àbújá," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan gíláàsì, ó fi ìka náà símú.

"Pẹtiróòlù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan kan rẹ́ níbí ni." Ó yíjú sí Lukman. "Ọ̀rẹ́ mi, kí lẹ kọ síbí tẹ́lẹ̀?"

Lukman wo Àbúbákr. Àbúbákr wo Ayọ̀níkẹ́, tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ bú u, tó sì ti jí pẹtiróòlù rẹ̀ lójú rẹ̀. Ayọ̀níkẹ́ wá rí i kedere pé ọ̀rọ̀ ọmọ òun wà lẹ́nu àwọn ọkùnrin méjì tí òun kò tíì sọ ọ̀rọ̀ rere kan fún láti àárọ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọ̀gá mi," ni Juwọ́n wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà. "Ìyàwó mi ló ni mọ́tò yìí. Ó gbé ọmọ mi lọ. Mi ò mọ ibi tí ọmọ mi ti ń sùn. Ìyá rẹ̀ nìyí, ó mọ̀, kò sọ fún mi. Bó bá ṣe ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa dákẹ́?"

"Màmá, ẹ ò ṣe é re," ni oníbàárà orí bẹ́ńṣì wí. "Bàbá ló lọmọ."

"Ẹ sọ fún un," ni òmíràn wí. "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kò kan ìyá ìyàwó."

Lukman la ẹnu. Ayọ̀níkẹ́ rí ahọ́n rẹ̀ tó gbéra. Ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè san, kì í sì í ṣe tirẹ̀.

"Ẹ wo ilẹ̀kùn yẹn," ló wí, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn mọ́tò lápá ọ̀tún. Ohùn rẹ̀ kò ga, àmọ́ ohùn dẹ́rẹ́bà ni, ó máa ń dé ìdí mọ́tò. "Gbogbo yín, ẹ wò ó. Wọ́n ń ti ìdúpẹ́ bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ funfun ni ọkùnrin yìí wọ̀, irú èyí tó wọ̀ yìí. Ṣọlá ní òun ò jẹun alẹ́ nílé ìyá ọkọ òun, òun ní iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní kó sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe di etí ilẹ̀kùn mú láti sọ̀, ọkùnrin yìí di ọwọ́ rẹ̀ mú síbẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó ṣí i. Ó tún pa á mọ́ ọn. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń wò ó. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní kó fi ọwọ́ yẹn bu oúnjẹ fún òun. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi. Ìka méjì ni kò ká mọ́."

Ọkùnrin orí bẹ́ńṣì ń wo ìka ara rẹ̀. Ẹ̀rín Juwọ́n ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ kò tíì mọ ohun tó máa fi í ṣe.

"Irọ́ ni," ló wí. "Èṣù ló ń lò wọ́n." Ó tún yíjú sí Lukman, kíákíá báyìí. "Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Àbújá," ni Lukman wí.

"Mo ní tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tó pa á rẹ́."

"Àbújá náà ni. Mo kọ ọ́ wúruwùru, mo tún un kọ. Ṣé ẹ ò mọ̀wé kà ni, bọ̀ọ̀dá?"

Juwọ́n kọjú sí Àbúbákr. Àbúbákr kò jẹ́ kó la ẹnu.

"Ìwọ lo gbé mọ́tò wá? Orúkọ ẹ ló wà lójú ẹ̀? Jáde nínú yáàdì mi."

Juwọ́n gbọn eruku àyà rẹ̀ nígbà náà. Ó súnmọ́ Ayọ̀níkẹ́, ó sọ̀rọ̀ kí òun nìkan lè gbọ́. "Ẹ ti tú ọmọ yín síhòòhò láàárín àwọn akẹ́rù. Màá rí i pé ó gbọ́. Àbújá náà ò sì jìnnà."

"Wá," ni Ayọ̀níkẹ́ wí. "Èmi ni wàá bá níbẹ̀. Ohun tí mo sọ yìí ò tíì tán lẹ́nu mi."

Juwọ́n gun ọ̀kadà, ó lọ sí apá Ìbafò. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ sọ. Ọkùnrin orí bẹ́ńṣì ní, "Màmá, ẹ má bínú sí wa." Ayọ̀níkẹ́ ní kó gbé ẹnu ẹ̀ sọ́hùn-ún, ó ní bàbá ló ṣáà lọmọ.

"Pẹtiróòlù mi ńkọ́?" ni Àbúbákr wí.

"Ẹ fà á nínú táńkì mọ́tò. Ṣebí ẹ ní kó má kún?"

"Kí ẹ sì kó ẹja yẹn kúrò."

"Mi ò kó nǹkan kan kúrò."

Àbúbákr wò ó títí, ó pòṣé, ó padà sídìí fèrèsé rẹ̀. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ ẹja mọ́.

Ayọ̀níkẹ́ tiro lọ sẹ́yìn tírélà, níbi tí kò ti sẹ́ni, ó pe Ṣọlá. Ó fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu òun kí Juwọ́n tó fi í ránṣẹ́ yíká ìjọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò bu iyọ̀ sí i, kò sì yọ nǹkan kúrò. Ìró àwọn aláìsàn àti bẹ́ẹ̀dì onítáyà ń wá láti ẹ̀yìn Ṣọlá.

"Ẹ búra fún mi," ni Ṣọlá wí.

"Mo búra."

"Níwájú àwọn awakọ̀! Màmá! Wọ́n á máa wo ọwọ́ mi. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ mí ní Mowé, ọwọ́ mi ni wọ́n á kọ́kọ́ máa wò títí mo fi máa kú. Kí ló dé tí ẹ ò kàn parọ́?"

"Àwọn ọkùnrin méjì ti mọ ìlú rẹ, àwọn náà ló gbọ́dọ̀ bá mi pa irọ́ náà. Mi ò lè dá a pa."

"Ẹ má wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ gbọ́? Bí mọ́tò bá dé, kó dé. Ẹ̀yin, ẹ má wá."

"Àbújá ni mò ń lọ," ni Ayọ̀níkẹ́ wí. "Mi ò ní ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń bọ̀."

Ṣọlá ti pa fóònù. Ayọ̀níkẹ́ fi tirẹ̀ sínú àpò. Ojú rẹ̀ ń ta á, bóyá pẹtiróòlù ni. Kò kábàámọ̀, kò sì dunnú. Inú ń bí i sí Ṣọlá díẹ̀, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kò sí èyí tó pọ̀ tó láti lé e kúrò nínú yáàdì yẹn kí tírélà tó gbéra.

Lórí tírélà, Lukman ti gbé Korólà náà gun òkè, ó ń fi bẹ́líìtì di táyà rẹ̀ mọ́ irin. Ayọ̀níkẹ́ fọwọ́ síjú nítorí oòrùn, ó gbé ojú sókè.

"Kò le!" ló pariwo. "Fà á dáadáa, ìwọ ọmọ yìí! Ṣé bí wọ́n ṣe ń di mọ́tò nìyẹn?"